Ohun tí oyin, ìjàlọ àti ẹyẹ lè kọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Òwe yìí ni wọ́n sábà máa ń fi ṣí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ìpàdé ọmọ ìbílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn: nígbà tí ọwọ́ bá ti gbájọ tán, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbé ẹrù náà lọ? Ibí yìí ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ìlù àti ijó dá sílẹ̀ á fi parí sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Mo fojú ara mi rí ọ̀kan ní abúlé ìyá mi àgbà nígbà tí mo ṣì wà ní iléèwé girama. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, dá owó jọ láti fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi dá a. Nígbà tí owó pé, alága sọ pé òun gbọ́ pé ẹnì kan ń ta ẹ̀rọ tó dára nínú ìlú. Akọ̀wé ní bí alága bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Akápò ní bí alága àti akọ̀wé bá ti fẹnu kò, kí ni òun tún fẹ́ sọ? Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí gbogbo ilé ìpàdé ká nìyẹn, tí oníkálukú ń fara ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbàdúrà, wọ́n túká. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó wọkọ̀ lọ sí ìlú láti fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ó ń dán gbinrin, wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Lábẹ́ ọ̀dà yẹn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti là tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn jó o pọ̀ ni. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó fi dákẹ́. Opó kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tó jẹ́ pé owó iléèwé ọmọ rẹ̀ ló fi dá tirẹ̀. Ilé ni ọmọ náà jókòó sí lọ́dún yẹn. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé alága kì í ṣe olè. Òun náà gbà pé ẹ̀rọ náà dára, nítorí pé ẹni tó sọ fún un gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú ilé ìpàdé yẹn. Kò kàn sí ẹni tó lọ wò ó ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo wá kà nípa ẹ̀dá kan tó ń ṣe irú ìpàdé yìí nínú oko wa, lórí igi, tí kì í sì í sábà ṣìnà. Ẹ̀dá náà ni oyin.

OYIN TÓ Ń WÁ ILÉ

Ẹni tó bá ti pẹ́ lóko á ti rí i rí. Lójijì ni oyin á tú jáde láti inú ihò igi tàbí inú ògiri, wọ́n á máa kùn bí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lókèèrè, wọ́n á sì lọ so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi kan bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé inú ló ń bí wọn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé wọn ló kún. Ìyá oyin, ìyẹn èyí tó ń yé ẹyin fún gbogbo agbo, ló jáde pẹ̀lú èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn ọmọ rẹ̀, tó sì fi ilé àtijọ́ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀ kan. Àwọn tó bá a jáde lè tó 10,000.

Lórí ẹ̀ka igi yẹn, wọn kò ní òrùlé, wọn kò sì ní oúnjẹ kankan ju oyin tí wọ́n mu yó kí wọ́n tó kúrò nílé lọ. Bí òjò àti òtútù bá ká wọn mọ́ ibẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n lè kú tán. Bí wọ́n bá sì yan ilé tí kò dára, ìyẹn náà lè pa wọ́n. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni ìpàdé wọn jẹ́.

Ẹni tó bá rò pé ìyá oyin ló ń pàṣẹ ibi tí wọn yóò lọ ṣe àṣìṣe. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ẹyin yíyé, kò sì dá sí ọ̀rọ̀ ilé rárá. Àwọn bíi 300 sí 500 nínú agbo náà ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Àgbà ni wọ́n, àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu wíwá oúnjẹ, tí wọ́n sì mọ igbó dunjú. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní amí, bí irú àwọn tí Jóṣúà rán lọ wo ilẹ̀ Jẹ́ríkò.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Martin Lindauer ló kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Lọ́dún 1949, ní ìlú Munich, ó rí agbo oyin kan tó so rọ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn kan ń jó lórí ẹ̀yìn àwọn yòókù. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ nígbà náà pé oyin máa ń jó bó bá rí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tí Lindauer rí yìí kò ru ohun tí oyin ń kó lára òdòdó. Ara wọn dọ̀tí ni. Òmíràn dúdú fún èéfín, òmíràn pupa fún eruku bíríkì, òmíràn funfun fún ìyẹ̀fun. Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì pẹ́ tó parí, àwókù ilé sì pọ̀ ní Munich. Lindauer wá rí i pé inú àwókù àti inú ihò ògiri ni wọ́n ti ń bọ̀. Ilé ni wọ́n lọ wá, eruku ibi tí wọ́n lọ sì wà lára wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Cornell ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Thomas Seeley, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì kó o sínú ìwé kan tó gbé jáde lọ́dún 2010. Inú iṣẹ́ àwọn méjèèjì la ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó tẹ̀ lé e yìí.

IJÓ TÓ Ń SỌ OHUN TÍ OJÚ RÍ

Bí amí kan bá rí ihò igi, kò ní yọjú wò ó lásán kó sì padà. Á wọ inú rẹ̀, á rìn káàkiri ògiri rẹ̀, á jáde, á fò yí i ká, á tún wọlé. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yìí lè gbà á tó ìṣẹ́jú 40. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá inú rẹ̀ tóbi tó, bóyá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré tó tí ọ̀tá kò fi ní lè wọlé, àti bóyá ó ga sókè kúrò nílẹ̀. Oyin ilẹ̀ òyìnbó fẹ́ràn ihò tó lè gba nǹkan bíi lítà 40, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 méjì.

Bó bá padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á jó. Karl von Frisch, ọmọ ilẹ̀ Austria tó jẹ́ olùkọ́ Lindauer, ló túmọ̀ ijó yìí fún aráyé, ó sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1973. Bí oyin bá ń mi ìdí lọ sókè gbọnrangandan, ó ń sọ pé ọ̀kánkán oòrùn ni ibẹ̀ wà. Bó bá dà sí ọ̀tún, apá ọ̀tún oòrùn ni. Bó bá mi ìdí fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà kan. Bí ibẹ̀ bá dára gan-an, á jó o ní àjótúnjó. Bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ dára, á jó díẹ̀, á dákẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ti ìpàdé abúlé ìyá mi àgbà nìyí. Amí kejì tó rí ijó náà kò ní tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Á fò lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, á wọ inú ihò náà, á wò ó. Bó bá dára lójú tirẹ̀ náà, ìgbà yẹn ló máa padà wá jó. Bí kò bá dára, kò ní jó, ọ̀rọ̀ ihò náà kò sì ní gbèrú. Nípa bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ẹnì kan kì í ráyè di àṣìṣe gbogbo agbo.

Ohun kejì tún wà níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí amí kan bá lọ wo ilé tó ń polówó tó sì padà, ijó rẹ̀ á dín kù sí ti tẹ́lẹ̀, títí tó fi máa dákẹ́ pátápátá, bí ibẹ̀ tiẹ̀ ṣì dára lójú rẹ̀. Kò sí amí tó ń fi ọdún gbọ́rọ̀ jà fún ihò tirẹ̀. Ó ti sọ ohun tó rí, ó ku kí àwọn ẹlòmíràn lọ wò ó. Ilé tó dára gan-an á máa rí amí tuntun tó ń jó fún un, èyí tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ á máa pàdánù tirẹ̀. Ẹ̀rí ló ń borí níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kò sí àtakò láàárín wọn. Lọ́dún 2012, Seeley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó di mímọ̀ pé amí tó ti ibòmíràn bọ̀ máa ń fi orí gbá ẹni tó ń jó, á sì ké ohùn kékeré kan sí i láti sọ pé kó dáwọ́ dúró. Wọn kì í ta ara wọn, wọn kì í sì í lé ara wọn jáde nínú ẹgbẹ́. Àtakò náà ń jẹ́ kí ìdíje láàárín ilé méjì tètè yanjú.

NÍBI ILÉ TUNTUN NI WỌ́N TI Ń KA ORÍ

Ìgbà wo ni wọ́n ń fi ìpinnu gúnlẹ̀? Ẹni tó bá rò pé wọ́n ń dúró dìgbà tí gbogbo 10,000 bá fohùn ṣọ̀kan kò gbà á. Bí amí bíi 20 sí 30 bá ti bá ara wọn pàdé lẹ́ẹ̀kan náà ní ilé tuntun kan, ó ti tó. Ẹ kíyè sí i pé níbi ilé tuntun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ pé àwọn pọ̀ tó. Ariwo inú ìpàdé kò sí nínú ìṣirò wọn. Àwọn tó ti débẹ̀, tí wọ́n tún padà débẹ̀, nìkan ni wọ́n ń kà.

Àwọn amí náà á wá padà sórí igi, wọ́n á máa ké ohùn tín-ín-rín kan láàárín agbo láti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé kí wọ́n mú ara gbóná fún ìrìn. Láìpẹ́, gbogbo wọn á gbéra. Àwọn tó mọ ọ̀nà kò ju díẹ̀ lọ nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á máa fò fìà gba òkè orí àwọn yòókù, láti fi ọ̀nà hàn wọ́n títí wọ́n á fi délé.

Seeley dán ọgbọ́n wọn wò ní erékùṣù kan tó ń jẹ́ Appledore, létí òkun ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, níbi tí igi ńlá kò sí. Ó gbé àpótí márùn-ún kalẹ̀: ọ̀kan tóbi dáadáa, mẹ́rin kéré jù. Ìgbà márùn-ún ló ṣe ìdánwò náà pẹ̀lú agbo oyin márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì yan èyí tó dára jù. Ọpọlọ oyin kan kò tó ẹyọ ọkà bàbà kan, síbẹ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni wọ́n gbà. Ìwọ̀nba ẹgbẹ́ ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn gba tó bẹ́ẹ̀ nínú ìpinnu àwọn.

Lóòótọ́, oyin ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fi ṣe àwọn ìwádìí yìí, ṣùgbọ́n ìran kan náà ni pẹ̀lú oyin tiwa. Tiwa náà ń ṣí kúrò nílé, ó ń rán amí, ó sì ń jó.

ÌJÀLỌ TÓ Ń YÍ PO

Yorùbá tún ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó ń rìn pọ̀ ló ń rìn ire.

Ẹ̀yin tí ìjàlọ ti lé jáde nílé lóru rí mọ agbára wọn. Adìyẹ inú àgò kò lè dúró dè wọ́n, aláǹgbá kò lè dúró dè wọ́n, èèyàn gan-an á gbé ọmọ rẹ̀ sá ni. Síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ inú ìjàlọ kò ríran. Òórùn tí èyí tó wà níwájú bá fi sílẹ̀ ni ti ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé. Nígbà tí ọ̀nà bá tọ́, kò sí ohun tó lè dá wọn dúró. Nígbà tí ọ̀nà bá wọ́ ńkọ́?

Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Beebe ṣàlàyé ohun tó rí nínú igbó Guyana, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, nínú ìwé kan tó jáde lọ́dún 1921. Èèrà tó bá ìjàlọ wa tan ló rí. Ọ̀wọ́ wọn kan ti ṣìnà, èyí tó wà níwájú sì ti lọ bá ìrù ọ̀wọ́ náà pàdé, ó wá ń tẹ̀ lé òórùn àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Wọ́n di òbìrìkìtì kan tí àyíká rẹ̀ gùn tó 1,200 ẹsẹ̀ bàtà. Wákàtí méjì àbọ̀ ló ń gba èèrà kan láti yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń yí i, tí òkú wọn sì ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà. Ohun tó gba ìyókù là ni pé àwọn díẹ̀ ṣèèṣì yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn. Bí òbìrìkìtì náà ṣe já nìyẹn, tí àwọn tó kù sì rí ọ̀nà gbà wọgbó.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, ilé ìpàdé yẹn ni mo rántí. Akọ̀wé ń tẹ̀ lé alága, akápò ń tẹ̀ lé akọ̀wé, ẹgbẹ́ ń tẹ̀ lé akápò. Alága fúnra rẹ̀ rí i pé gbogbo ẹgbẹ́ ti gbà, ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ pé ohun tí òun gbọ́ ní láti jẹ́ òótọ́. Ta ló wá ń tẹ̀ lé ta? Ìrẹ́pọ̀ wà níbẹ̀, ìfẹ́ wà níbẹ̀, àdúrà wà níbẹ̀. Ẹnì kan tó máa yà kúrò lójú ọ̀nà láti béèrè pé "ta ló ti rí ẹ̀rọ yìí?" ni kò sí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tiẹ̀ dìde, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n máa ń pè é nínú ìpàdé wa. Wọ́n á ní alátakò ni, wọ́n á ní kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ lọ síwájú.

ẸYẸ TÓ Ń ṢE ÀÁRÓ

Ọ̀rọ̀ ìpinnu nìkan kọ́ ló ń tú ẹgbẹ́ ká. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀: ẹnì kan á máa ṣe, ẹlòmíràn á máa jẹ. Ní ti èyí, ẹ jẹ́ ká wo ojú sánmà.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí lékeléke bá ń padà lọ sùn, àwọn ọmọdé ìgbà kan máa ń na ìka sókè pé kí wọ́n fún àwọn ní èékánná funfun. Ẹni tó bá wo àwọn ẹyẹ ńlá tó ń rìnrìn àjò jíjìn á rí i pé wọ́n sábà máa ń tò bí ẹnu ọ̀kọ̀, ọ̀kan níwájú, àwọn yòókù ní apá méjèèjì lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹyẹ bá ju apá, afẹ́fẹ́ kan máa ń gbá sókè lẹ́yìn ṣóńṣó apá rẹ̀. Èyí tó bá dúró síbi afẹ́fẹ́ yẹn, ara á tù ú. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú pátápátá kò rí nǹkan kan gbà. Òun ló ń ṣe làálàá jù. Ta ló wá máa gbà láti wà níwájú?

Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé ẹyẹ apárí kan báyìí, tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ibis. Mẹ́rìnlá ni àwọn ẹyẹ náà. Àwọn èèyàn tó fi ọwọ́ tọ́ wọn dàgbà wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan, wọ́n sì ṣíwájú wọn láti Austria lọ sí Ítálì, kí àwọn ẹyẹ náà lè mọ ọ̀nà tí àwọn baba ńlá wọn máa ń gbà. Wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹ̀yìn ẹyẹ kọ̀ọ̀kan láti mọ ibi tó wà ní gbogbo ìgbà. Èsì rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2014 àti 2015, yani lẹ́nu. Ní ìpíndọ́gba, ẹyẹ kọ̀ọ̀kan lo 32 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò rẹ̀ lẹ́yìn ẹlòmíràn, níbi tí ara ti ń tù ú. Bí ẹyẹ kan bá sì ti ṣíwájú fún èkejì, èkejì náà á bọ́ síwájú fún un, àkókò tí wọ́n fi ń ṣe é fún ara wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀. Àwọn onímọ̀ náà kò rí ẹyẹ kankan tó ń fi ẹ̀yìn pamọ́ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀yin àgbà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí kò ní ṣàì mọ orúkọ ohun tí àwọn ẹyẹ náà ń ṣe. Àáró ni. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀wẹ̀, níbi tí ẹnì kan ti ń pe ogunlọ́gọ̀ èèyàn wá bá a ṣiṣẹ́, tí á sì fún wọn ní oúnjẹ àti ẹmu. Ní ti àáró, bí a bá ro oko tèmi lónìí, tìrẹ ló kàn lọ́la, ti ẹni kẹta ló kàn lọ́tùn-únla. Iye ọwọ́ tó wá sí oko tèmi ni mo gbọ́dọ̀ dá padà. Gbèsè rẹ̀ kéré, ó tètè ń pé ọjọ́, ojú gbogbo èèyàn ló sì ń rí i. Bí ẹnì kan bá kọ̀ láti wá, kò ní pẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo àáró á ti mọ̀. Ohun tó jẹ́ kí ti àwọn ẹyẹ náà dúró nìyẹn: wọ́n ń pààrọ̀ kó tó pẹ́ jù, gbèsè kì í sì í pọ̀ tó ohun tí ẹnì kan máa gbé sá lọ.

IBI TÍ OYIN TI SÀN JÙ WÁ

Àmọ́ ṣá o, èèyàn kì í ṣe oyin, kò sì yẹ ká tan ara wa jẹ. Amí oyin kò lè gba ẹ̀gúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ihò igi. Ilé tó bá polówó, inú rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ máa gbé. Bó bá parọ́, òjò tó máa pa àwọn yòókù á pa òun náà. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ rajà lè ní ohun tó ń gbà lẹ́yìn. Ẹni tó ń sọ pé kí ẹgbẹ́ ra ilẹ̀ lè jẹ́ àna ẹni tó ń ta ilẹ̀.

Ìdí nìyí tí òfin fi wà. Láti ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà, láti jẹ́ kí ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí wọ́n sì máa yẹ ìwé owó rẹ̀ wò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìwé owó á sọ fún wa pé owó ẹ̀rọ jáde àti pé ẹ̀rọ wọlé. Kò ní sọ fún wa pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti là. Ojú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló máa sọ ìyẹn.

KÍ NI ẸGBẸ́ LÈ MÚ LÒ?

Kò sí èyí tó le nínú ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́, kò sì ná ẹgbẹ́ ju owó ọkọ̀ lọ.

Àkọ́kọ́, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ra nǹkan tàbí fẹ́ gba ilẹ̀, kí wọ́n rán ó kéré tán èèyàn mẹ́ta lọ wò ó, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má sì jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Kí kálukú lọ lọ́jọ́ tirẹ̀, kí ó má sì sọ ohun tó rí fún àwọn yòókù títí wọ́n á fi pàdé níwájú ẹgbẹ́. Bí ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta bá ṣe rẹ́gí láìjẹ́ pé wọ́n jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ọkàn á balẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ ni, kí ọ̀kan nínú wọn mú mẹkáníìkì dání.

Èkejì, kí wọ́n má ṣe mú nǹkan kan ṣoṣo wá síwájú ẹgbẹ́. Amí oyin kì í mú ihò kan wá. Bí ohun tí a máa yàn bá jẹ́ ẹyọ kan, a kò yan nǹkan kan, wọ́n kàn sọ fún wa ni.

Ẹ̀kẹta, kí alága sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ìyá oyin kò dá sí ọ̀rọ̀ ilé, agbo rẹ̀ sì ń délé láyọ̀. Kì í ṣe pé kí alága má ní èrò o. Ohun tí a ń sọ ni pé bó bá ti la ẹnu ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á pa tiwọn mọ́ sínú nítorí ọ̀wọ̀. Nínú ilé tó lójú àgbà, ọ̀wọ̀ dára. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò lè tún ẹ́ńjìnnì tó là ṣe.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n fún alátakò ní àkókò tirẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tó sọ sínú ìwé ìpàdé. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò pa ẹgbẹ́ lára. Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, òun ni èèrà tó yà kúrò lójú ọ̀nà, tó gba ìyókù là.

Ẹ̀karùn-ún, kí iṣẹ́ ẹgbẹ́ máa yí láti ọwọ́ dé ọwọ́ kó tó pẹ́ jù, bíi ti àáró. Ẹni tó ti jẹ akápò fún ọdún mẹ́wàá lè jẹ́ olóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti rẹ òun, àwọn yòókù kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mo padà sí abúlé ìyá mi àgbà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ̀rọ náà ṣì wà lẹ́yìn ilé kan, ó ti dípẹtà, adìyẹ ló ń yé sí abẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó rà á ti túká tipẹ́tipẹ́, àwọn kan nínú wọn kò sì kí ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí mo débẹ̀, àwọn obìnrin jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ kan ká, wọ́n ń bó o. Opó ọjọ́sí wà láàárín wọn. Mo béèrè ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ náà, wọ́n fi hàn mí. Mo béèrè ti ẹni tó kàn lọ́la, wọ́n tún fi hàn mí. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ kò tíì dé ni wọ́n ti ń bá ara wọn bó ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dúró lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti kú, nítorí pé kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó nílò kí wọ́n sọ fún un bóyá iṣẹ́ ti parí tàbí kò tíì parí. Ojú wọn ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ní ìpàdé tó ń bọ̀, nígbà tí ẹnì kan bá dìde láti sọ pé ohun kan dára fún ẹgbẹ́, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti débẹ̀. Àwọn oyin Munich kò jó lásán. Eruku ibẹ̀ wà lára wọn.